Lẹ́tà Tí Kò Mọ Ilé Wa

Orí òkúta ni ojú èmi àti Richard ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Ì bá wù mí kí n sọ pé etí òkun ni, tàbí abẹ́ òṣùpá, bó ṣe máa ń rí nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí mo ti ń kà láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984 á mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Orí ìlà la wà.

Ọdún yẹn ni àwọn sójà ní kí gbogbo ènìyàn máa tò. A tò wọ ọkọ̀, a tò ra ṣúgà, a tò ra mílíìkì. Ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú kì í fi ìdajì ọjọ́ dúró sójú kan nígbà tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí oòrùn tó yọ, wàá ti rí òkúta, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, garawa tó ti jò, bàtà ẹsẹ̀ kan, gbogbo wọn á ti tò tẹ̀ léra níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà ìjọba ní Ìtòrò. Ohun kọ̀ọ̀kan ń dúró fún ènìyàn kan. Ẹni tó ni ín á lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, á padà dé nígbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ ṣí, á sì dúró nídìí òkúta rẹ̀. Wọ́n lè jà lórí ilẹ̀, wọ́n lè jà lórí ogún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan òkúta ẹlòmíràn.

Bàbá mi fẹ́ràn àwọn òkúta yẹn. Ó ní, "Sójà ló ní ká dúró. Àwa la ronú kan òkúta."

Tiwa kò ṣòro láti mọ̀. Harold Fádípẹ̀ ni bàbá mi ń jẹ́, òun ló ń kọ pátákó fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Pórógun, Bàbá Atíìsì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó fi ọ̀dà funfun kun òkúta wa, ó fi pupa kọ FÁDÍPẸ̀ sí i lára, ó sì fi dúdú ṣe òjìji sẹ́yìn orúkọ náà, àfi bí ẹni pé báǹkì ni òkúta ọ̀hún.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo dé, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé òkúta wa lọ́wọ́, tó ń yí i wò sọ́tùn-ún sósì. Èrò ti ń ti ara wọn, sójà kan ti ń fi bẹ́líìtì lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pé ká fara balẹ̀. Mo la ẹnu láti pariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbójú sókè.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìfẹ́ máa ń ní ayé dúró. Ayé ò dúró o. Obìnrin kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n bínú, àyà mi ló sì kọ́kọ́ mọ̀ pé n kò ní í bínú.

"Ẹ̀yin lẹ ni Fádípẹ̀?" ó bi mí.

"Èmi ni. Ẹ gbé ibi ìdúró mi sílẹ̀."

"Mi ò jí i. Ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni mò ń wò. Ta ló ń ṣe irú èyí sára òkúta?"

"Ẹni tí kò lè fojú rí nǹkan tí kò ní ọ̀ṣọ́. Bàbá mi ni."

Ó rọra gbé òkúta náà padà síbi tó wà gan-an, ó sì lọ sẹ́yìn ìlà. Irun orí rẹ̀ jẹ́ jẹ́rì-kọ́ọ̀lù, òróró ń ti ibẹ̀ sun bọ́ sí kọ́là rẹ̀. Nígbà tó fi máa kàn án, mílíìkì ti tán. Agolo méjì ni mo rà. Mo fún un ní ọ̀kan.

Richard Ọ̀ṣuntóyìn lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Òkè-Àjé. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo rédíò ilé wa ni mo ti mú lọ síbẹ̀, àti èyí tó bàjẹ́ àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

*

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dojú rú.

Nǹkan kan ò lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má bi í léèrè ọ̀rọ̀. "Ta ló ní kó rí báyìí?" Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún àga, ó sọ ọ́ fún ìgò, ó sọ ọ́ fún alága ìjọ lójúkojú nígbà tí wọ́n gbé aago kẹrin kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń rìn. "Àwọn mẹ́ta yòókù, ṣé àkókò ọ̀run ni wọ́n ń sọ?"

Nígbà kan a lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pe àga rẹ̀ ní tuntun. Wọn ò tíì ṣí ọ̀rá ara àga náà. A jókòó, ọ̀rá ń ké lábẹ́ wa, òógùn lẹ̀ wá mọ́ ọn, nígbà tí ìyá mi sì fẹ́ dìde, àga fẹ́ẹ̀ bá a dìde. Bí a ti dé ìta, bàbá mi dúró.

"Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ra àga yẹn. Ta ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè? Àlejò tó ju àwa lọ ń bọ̀ ni?"

Ìyá mi, Susannah, tíṣà ni. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá Mọ́ṣádé. Òjò ń bọ̀."

Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan nípa tẹlifóònù ilé ayàwòrán tó wà ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn. Tẹlifóònù náà ò ní wáyà, orí tábìlì ló ń gbé, bí o bá fẹ́ ya fọ́tò wọ́n á ní kó o gbé e sétí kó o rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá mi ní, "Gbogbo ìlú yìí ló ti gbé tẹlifóònù yẹn sétí. Kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀." Ó ní ọ̀rọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bí olè. Ó ní ọ̀rọ̀ nípa òdòdó oníke tí wọ́n ń bu omi wọ́n láràárọ̀ torí eruku. Ó ní bí ilé bá ṣe kéré tó ni sípíkà inú rẹ̀ ń tóbi tó. Àwọn obìnrin tó ń ki fóòmù sí èjìká aṣọ, ó ní wọ́n gbé èjìká ẹlòmíràn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n rántí dá a padà.

Irun Richard wá ńkọ́? "Irun tó ń sunkún" ló pè é. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Richard wá sílé wa, ó jókòó, ó gbẹ́yìn lé àga, nígbà tó lọ tán òróró ti ya ìdajì orí sára aṣọ àga. Bàbá mi gbé àga náà lọ sí ojú fèrèsé kó lè rí i dáadáa.

"Mọ́ṣádé, wá wo ọkọ rẹ. Ó ti ya ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa kó tó lọ."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn ní àmì tiwọn, Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bi í bóyá irun ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Richard lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wo páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó bá a pé Richard ò to rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ní orúkọ olórin. Àwọ̀ páálí ló fi tò wọ́n, pupa lókè, ewé láàárín, dúdú nísàlẹ̀.

"Ta ló ní kó rí báyìí?" bàbá mi bi í.

"Àwọn oníbàárà ni, sà. Wọn kì í rántí orúkọ. Wọ́n á ní kí n fún àwọn ní aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí ọkùnrin kan ti dì mọ́ jìtá bí ìyàwó tuntun."

Bàbá mi wo àwọn páálí náà títí ó fi kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tó délé ó sọ fún ìyá mi pé ọmọkùnrin yẹn ní làákàyè, pé ibi tó fi í pamọ́ sí lóun ò mọ̀, pẹ̀lú gbogbo òróró yẹn. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún ara mi pé ó tán. Nínú ìwé mi, ibi tí bàbá bá ti yin ọmọkùnrin, ojú ìwé méjì péré ló kù.

*

Ọdún méjì kọjá kí ìdílé Ọ̀ṣuntóyìn tó fi lẹ́tà ìtọrọ ránṣẹ́.

Láàárín àwọn tó lọ ilé-ìwé míṣọ́n, ẹnu lásán ò tó láti tọrọ ìyàwó mọ́. Ìdílé ọkọ á kọ lẹ́tà, wọ́n á fi rìbọ́ọ̀nù dì í, àwọn ìyàwó ilé á gbé e wá, ìdílé ìyàwó á gbà á, ní ọjọ́ míràn wọ́n á fèsì. Bàbá mi gan-an ló ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, lórí páálí, pẹ̀lú yíǹkì wúrà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń bá a fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ lé.

Bàbá Gbàdàmọ́sí ló tọ́ Richard dàgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, olóko obì ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ló gbé lẹ́tà náà dé ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí, wọ́n ṣe àwàdà, ìyá mi gbé ohun mímu jáde. Bàbá mi tú rìbọ́ọ̀nù.

Káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ ni. Òyìnbó ọkọ àti òyìnbó ìyàwó ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n dúró lẹ́bàá adágún, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn wọn. Nínú rẹ̀, wọ́n ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ síbi orúkọ, ẹnìkan sì ti fi báírò dí àwọn àlàfo náà.

Bàbá mi kà á sókè. "Ìdílé Ọ̀ṣuntóyìn ń kí ìdílé Fádípẹ̀. A rí òdòdó ẹlẹ́wà kan nínú ọgbà yín, ó sì wù wá láti já a. Orúkọ òdòdó náà ni Mọ́ṣádé." Ó gbójú sókè. Ó wo iwájú ilé wa láti ojú fèrèsé, níbi tí agolo ọ̀dà wà lórí ara wọn. "Ọgbà wo?"

"Bàbá Mọ́ṣádé," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mò ń béèrè ni. Ọgbà wo? Ẹ lè gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé kejì, kẹ́ ẹ yí orúkọ padà, kò ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà." Ó di rìbọ́ọ̀nù padà, ó dì í dáadáa ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì nà án sí àwọn obìnrin náà. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ èyí tó mọ ilé wa."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Èyí àgbà gba káàdì náà. Wọn ò mu ohun mímu. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ.

Ohun tí bàbá mi rò ni pé òun dá iṣẹ́ padà kí wọ́n lọ tún un ṣe, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá gbé pátákó tó wọ́ wá. Ìyá mi mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí àga òróró, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ní ilẹ̀ wa, lẹ́tà ìtọrọ tí wọ́n bá dá padà ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní. A ò fún yín lọ́mọ.

*

Ọjọ́ kẹta ni mo rí Richard. Ó tú rédíò kan palẹ̀ sórí tábìlì, kò sì tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀.

"Bàbá ní ìdílé wa kì í kan ilẹ̀kùn kan lẹ́ẹ̀mejì," ó wí. "Bí oṣù yìí bá ti parí, wọ́n á lọ sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Wọ́n ní ọmọ kan níbẹ̀, Edith."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Mo ti kọ òmíràn fúnra mi. Bàbá ò jẹ́ kí n mú un wá. Ó ní bí mo bá mú un wá, kí n wá bàbá míràn."

"O sì gbà."

"Mọ́ṣádé, òun ló tọ́ mi."

"Mo mọ ẹni tó tọ́ ẹ. Mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ó mú ìdérí rédíò náà, ó gbé e kalẹ̀ padà. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. "Ẹ̀ ń bínú sí káàdì yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá ò dé Èkó rí láyé rẹ̀? Torí káàdì yẹn ló ṣe lọ. Wọ́n ní èyí tó dára jù ń bẹ ní Èkó. Ó ní ọmọ atíìsì la fẹ́ fẹ́, a ò gbọdọ̀ gbé nǹkan yẹpẹrẹ lọ bá wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rí bàbá arúgbó kan lójú mi, olóko obì, tó dúró nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ Èkó, tó ń yan pẹ́pẹ́yẹ fún wa.

Nínú àwọn ìwé tí mo kà, ibi tó bá dé báyìí, ọmọbìnrin á sunkún, á sáré lọ sí etí odò, ọkùnrin á sì wá a lọ. Kò sí odò nítòsí. Mo gba ọ̀nà ilé lọ bá bàbá mi.

*

Ó ń kun pátákó fún onígbàjámọ̀ kan, orí mẹ́fà pẹ̀lú irun mẹ́fà. Orí kẹrin jẹ́ jẹ́rì-kọ́ọ̀lù, ó sì ti ya òróró tó ń kán sílẹ̀ sí i lára.

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Ó gbọ́ títí dé Èkó, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró.

"Mi ò kọ ọmọkùnrin náà," ó wí. "Káàdì ni mo kọ̀."

"Káàdì yẹn ni wọ́n fi wá ọmọ yín."

"Ohun tó bá bá gbogbo ilé mu kò bá ilé kankan mu, Mọ́ṣádé. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́ ni ẹni tí wọ́n máa fi àlàfo kọ."

Mo lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó àwòkọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Gbogbo lẹ́tà ìtọrọ tó ti kọ fún àwọn ènìyàn láti ọjọ́ yìí wá, ó ní ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ibi tí wọ́n wà, torí ìlà mi ló wà lábẹ́ wọn. Mo kó wọn jáde, mo tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ pátákó onígbàjámọ̀. Mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ kà wọ́n fún mi, Bàbá."

"Mo mọ ohun tí mo kọ."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á. A rí òdòdó ẹlẹ́wà kan nínú ọgbà yín. Ilé Adélékè nìyẹn, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń ṣe níwájú ilé wọn. A rí òdòdó ẹlẹ́wà kan nínú ọgbà yín. Ti Síkírù nìyí, ọmọ ẹni tó ń ta epo kẹrosíìnì ló fẹ́. A rí òdòdó. A rí òdòdó. Ilé ta ni ọgbà wà nínú gbogbo wọn?"

"Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́. Kò sí èyí tí ìtẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú èkejì."

"Ọwọ́ yín ni. Ẹnu gbogbo ayé ni."

Ó dìde. Láyé mi, n kò tíì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí, ṣùgbọ́n n kò kúrò níbi tí mo dúró sí. Ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn páálí náà dé òpin wọn, ó tẹ̀ ba lórí ọ̀kan, ó fi èékánná họ àmì ọ̀dà kan kúrò.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ ní kí wọ́n kọ èyí tó mọ ilé wa. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín ká rí i."

"Bàbá ìyàwó kì í kọ lẹ́tà ṣáájú ìdílé ọkọ."

"Ta ló ní kó rí báyìí?" mo bi í.

Láti inú yàrá, mo gbọ́ tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kó páálí rẹ̀ jọ, ó kó wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

*

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbìyànjú. Ẹni tó ń kọ orúkọ gíga bí ènìyàn sára ògiri láìjẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n, ó jókòó sídìí páálí funfun kan láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò kọ ju "Bàbá Gbàdàmọ́sí" lọ. Ó fi wúrà kọ ọ́, ó sì lẹ́wà. Kò mọ ohun tó kàn. Ó ya páálí náà. Ó mú òmíràn. Ó ya á.

"Ṣé kí n bá yín fa ìlà?" mo bi í, n kò sì ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

"Ìlà kọ́ ló ṣẹ́ kù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá mi ní ìbéèrè nípa mi nínú kíṣìnì, ó rò pé n kò gbọ́. Ọdún wo ni mo ṣẹ́ ọwọ́? Ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń súfèé? Ìyá mi ní, "Ọmọ yín ni, ẹ sì ń wádìí rẹ̀ bí ọlọ́pàá."

Ní ọjọ́ kẹrin, ó ya ojú ìwé kan nínú ìwé ilé-ìwé tí ìyá mi fẹ́ máàkì, ó mú pẹ́ńsùlù, ó jáde lọ jókòó sáàárín agolo ọ̀dà. Ó kọ ọ́ láìgbé orí sókè. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ súùtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n wọ bàtà, a ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí oṣù parí.

Inú ọkọ̀ ló ti fún mi ní ìwé náà, nígbà tí a ti kọjá Imùṣin. "Wò ó bóyá mo ṣi nǹkan kọ," ó wí, ó sì kọjú sí ìta. Ọwọ́ rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń yìn, ó wọ́ nínú pẹ́ńsùlù bí ti ọmọ kíláàsì kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

*Bàbá Gbàdàmọ́sí, mo kí yín. N kò ní ọgbà. Agolo ọ̀dà ló wà níwájú ilé mi. Mọ́ṣádé kì í ṣe òdòdó. Ó máa ń bínú tí egungun ẹja bá wà nínú ìkọ́kọrẹ́. Ó ń ka ìwé ìfẹ́ nínú ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rò pé a ò mọ̀. Ó lè fa ìlà tó tọ́ láìlo rúlà, èmi ò lè ṣe é. Ó ń súfèé tó bá ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Tó bá ti ṣe ìlérí, ẹ lọ sùn. Kò bá mi jà rí láyé rẹ̀, àfi ní ọ̀sẹ̀ yìí, lórí ọmọ yín. Mo dá káàdì yín padà. N kò mọ̀ pé Èkó lẹ ti lọ rà á. Mo ṣì rò pé káàdì náà ò dára. Ṣùgbọ́n ìrìn tí ẹ rìn dára, òun ni ó yẹ kí n ti rí, n kò rí i. Tí ọmọ yín bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ wá. Irun rẹ̀, mo ń gbàdúrà sí i. Èmi Harold Fádípẹ̀.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a padà fún un. "Ẹ ò ṣi nǹkan kan kọ," mo wí, mo sì wo ìta ní ẹ̀gbẹ́ tèmi.

*

A bá Bàbá Gbàdàmọ́sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń bó obì láti inú apẹ̀rẹ̀ kan sí òmíràn. Ènìyàn tín-ín-rín ni, fìlà rẹ̀ wọ́ sí etí kan. Richard wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé, ó ń tú rédíò. Ó rí mi, ó dìde, ó mú skrudíráífà dání bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

A kí wọn. Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ba, ó sì nàró padà.

"Atíìsì," ni Bàbá Gbàdàmọ́sí wí, kò dá ọwọ́ dúró. "Pátákó wo lẹ fẹ́ kọ fún wa?"

"Mi ò wá kọ pátákó. Mo mú lẹ́tà wá."

"Lẹ́tà. A ti gbé lẹ́tà dé ilé yín lọ́jọ́ kan. Ó kọ̀ láti jókòó."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi wá fúnra mi."

"Ó ní àwòrán tó dára níwájú, lẹ́tà tiwa. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ." Ó ju èèpo obì sẹ́yìn. "Àwọn ìyàwó mi kò mu omi nílé yín."

"Wọn ò mu ún. Ẹ̀bi mi ni."

Arúgbó náà wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ síbi tó bá dára. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ náà ni mi ò fẹ́ràn. Ẹ̀yin kọ́."

"Ẹ tún wá bú pẹ́pẹ́yẹ mi nílé mi."

"Mo wá sọ òtítọ́ fún yín nílé yín. Ẹni tó bá fẹ́ tàn yín á yin pẹ́pẹ́yẹ."

Bàbá mi na lẹ́tà náà. Ó nà án láti ibi tó dúró sí, kò sún mọ́ ọn. Ọwọ́ Bàbá Gbàdàmọ́sí wà nínú apẹ̀rẹ̀, kò yọ ọ́. Àárín àwọn méjèèjì ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ.

"Ní ilé wa," arúgbó náà wí, "lẹ́tà kì í ti ọwọ́ bàbá ìyàwó bọ́ sí ọwọ́ bàbá ọkọ tààrà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ta ni alárinà yín?"

Bàbá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan lè ti bá wa wá láìmọ̀. Kò mú ẹnikẹ́ni wá. Ó ti kọ ohun tí wọn kì í kọ, ó ti wá síbi tí wọn kì í wá, eléyìí sì bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó na lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Tó bá ti fi ìwé yẹn sí àpò súùtù, títí oṣù á fi parí kò ní yọ ọ́ jáde mọ́.

Richard gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Richard, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Kò padà. Ó dúró síbẹ̀, òróró ń sun ní iwájú orí rẹ̀, n kò sì tíì rí ọkùnrin tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ bàbá mi.

"Èmi ni alárinà," mo wí.

Bàbá Gbàdàmọ́sí dá ọwọ́ dúró. "Ìwọ tí wọ́n ń tọrọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi dàgbà tó báyìí, n kò tíì rí ọmọ tó ṣe alárinà ara rẹ̀ rí."

"Ẹ̀ ń rí i lónìí, Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ò kan ẹlòmíràn tó bó ṣe kàn mí."

"Tí mi ò bá gbà á ńkọ́?"

"Mo máa dúró síbí títí ẹ ó fi bó obì yẹn tán. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i. Orúnkún mi wà nílẹ̀. Ojú mi ò sí nílẹ̀. Ó wò mí, èmi náà wò ó, rédíò Richard sì ń hó láti inú ilé.

Arúgbó náà yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Ó nù ún sára ṣòkòtò rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò kánjú, ó sì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi.